Òkè Ẹ̀fọ̀n Láyé Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Bí èèyàn bá kúrò ní Iléṣà lónìí, tó gba Ìwàrája, tó sì yà sí ọ̀nà Ẹ̀rìnmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, inú mọ́tò ni yóò wà, fóònù rẹ̀ ni yóò sì máa wò. Etí rẹ̀ á di díẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá ń gòkè, ẹ́ńjìnnì á ké, àwọn èrò ẹ̀yìn á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kó tó gbójú sókè, ó ti wọ Ẹ̀fọ̀n. Láti ibẹ̀ wọ́n á já sí Ìtàwúrè, wọ́n á gba Àrámọ̀kọ, Ìgèdè àti Ìyìn, Adó-Èkìtì ló kàn. Gbogbo ẹ̀ kò tó 100 km. Bí kòtò ò bá pọ̀, bí wọn ò sì dá mọ́tò dúró jù, ebi ò ní tíì pa á tó fi máa dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà yìí kan náà jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nígbà kan rí fún ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ dé Adó lálẹ́ kì í béèrè orúkọ òkè kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti bá wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kẹ̀kẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí kí ọ̀nà mọ́tò tó dé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, tóóró tóóró láàárín igbó, èyí tí àwọn jagunjagun àti alájàpá ti là. Ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ dojú kọra wọn lórí àwọn òkè kan náà nígbà ogun Kírìjì, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886 ni ìrìnkèrindò bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn baba ńlá là kì í yí òkè po. Ó ń gùn ún tààrà ni, bí ewúrẹ́ ṣe máa gùn ún, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń fẹ́ kí ọ̀nà kúrú ju kó tẹ́ lọ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò gba lọ́rì. Ó gba kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó yá ni ìjọba amúnisìn wá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà, ṣọ́bìrì àti katakata tó ń tẹ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wa katakata náà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà nítòsí Ìkejì-Arákejì ní 1928 tó fi gbọ́ ìpè, ó fi katakata sílẹ̀, ó di wòlíì tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí àpéjọ àdúrà mọ ìtàn náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpè ni wọ́n máa ń sọ. Èmi máa ń ro ti ọ̀nà náà: ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tó ń dúró de mọ́tò tí kò tíì pọ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ adùn rẹ̀.

Àwọn wo ni oníkẹ̀kẹ́ wọ̀nyí? Tíṣà ni, ajíhìnrere tó ní ìjọ mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù, ẹni tó ń ra kòkó káàkiri abúlé, ẹlẹ́mu tó so agbè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Wolé-wolé náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Tanwíjí inú àmù ló ń wá kiri, owó ìtanràn ló sì ń tẹ̀ lé e. Òkè ni ọ̀rẹ́ àwọn ìyá wa lórí ọ̀rọ̀ wolé-wolé. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí i ní ìsàlẹ̀ òkè, tó bọ́ sílẹ̀, tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, wọ́n á sáré lọ sílé. Kó tó mí délẹ̀ lórí òkè, wọ́n ti da omi àmù nù, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn. Wolé-wolé tó bá wá fi mọ́tò dé abúlé náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan ló tó mọ bí tanwíjí ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ni Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn. Ìdì aṣọ ni wọ́n ń dì mọ́ kárìà, ìdì náà á ga ju orí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń gbé relé ọkọ. Wọ́n dé abúlé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tajà, gbogbo ilé ló ń yọ̀ mọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbowó, aago kẹ̀kẹ́ ni ajigbèsè kọ́kọ́ ń gbọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì máa ń rántí lójijì pé òun ní iṣẹ́ ní oko tó jìnnà. Òwò yìí kọ́ ilé sí Iléṣà, ó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé gíga, ó sọ ọ̀pọ̀ di bàbá olówó. Bí wọ́n bá ń kọ ìtàn ọrọ̀ Ìjẹ̀ṣà, kòkó ni wọ́n máa ń fi ṣáájú. Ó yẹ kí wọ́n wá àyè fún kárìà kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn ti ń wá: Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, Humber, Rudge, Hercules, Phillips, BSA. Irin dúdú ni, ó wúwo tó nǹkan bí 20 kg kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e, bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin tó ń fa rọ́bà mọ́ ríìmù. Jíà kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní. Àwọn tó lówó díẹ̀ sí i ló ń ra èyí tó ní jíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa fi í ṣe fáàrí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Jíà kan yìí ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ òkè. Bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dàlì po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á sún síwájú ju mítà márùn-ún lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó dùn, ó ń ṣàn. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé òkè kan ń ga ní mítà kan nínú mẹ́wàá. Yíyí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ túmọ̀ sí pé kí orúnkún gbé ọkùnrin, kẹ̀kẹ́ àti ìdì aṣọ sókè ní ìdajì mítà, kó tún ṣe é, kó tún ṣe é, títí dé orí. Kò sí orúnkún tó gba irú ẹ̀. Nítorí náà gbogbo wọn ló ń bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìlera. Irin tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá òkè Èkìtì pàdé.

Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ yẹn ni mo rò pé ohun tó dára jù nínú ayé kẹ̀kẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Tíṣà tó wọ bàtà aláwọ̀ àti ẹlẹ́mu tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ á jọ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí òkè ò mọ ẹni tó kàwé. Wọ́n á kí ẹni tó ń kọ ebè lẹ́bàá ọ̀nà pé ẹ kú iṣẹ́ o, òun náà á na ẹ̀yìn, á ní ẹ kú ọ̀nà, á béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Bó bá gbọ́ pé Iléṣà ni, á béèrè iye tí wọ́n ń ra kòkó níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní Adó ni àwọn ń lọ, á rán wọn sí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àrámọ̀kọ, pé kí wọ́n sọ fún un pé ìyá ti ń gbádùn. Wọ́n á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀nà láti Iléṣà dé Adó kún fún irú iṣẹ́ báyìí. Ẹni tó ń gùn ún mọ ibi tí omi tútù ti ń sun láti inú àpáta, ó mọ igi tí wọ́n ń sinmi sí, ó mọ ilé ẹni tó ní pọ́ǹpù àti sọ̀lúṣọ̀n fún túùbù tó jò. Bí kò bá sí sọ̀lúṣọ̀n, àwọn kan á fi koríko há inú taya, wọ́n á gbọ̀n títí délé.

Ìsọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Láti orí Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀ níwájú èèyàn, igbó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, òkè lẹ́yìn òkè títí dé ibi tí wọ́n ti ń di aró. Lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti ara òkè yìí kan náà, ní ìpele ìpele. Lásìkò ọyẹ́, ìkúùkù á bo kòtò òkè pátápátá láàárọ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú funfun tí kò rí ìdí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, rọ́bà bíréèkì á máa yọ̀ lára ríìmù tó tutù, kò níí mú. Ọ̀pọ̀ ló fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró títí bàtà fi lu. Àwọn kan ò rí i dá dúró.

Mo bi bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Àrámọ̀kọ, ohun tí wọ́n rántí jù nípa kẹ̀kẹ́ wọn.

"Ìsọ̀kalẹ̀ Ẹ̀fọ̀n," ni wọ́n wí, ojú wọn sì tàn.

"Gígùn rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Gígùn wo? Ṣé ẹnì kan ń gun òkè yẹn ni? A ń tì í ni, ọmọ mi. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀."

Ìdáhùn yẹn ti mú kí n máa ṣọ́ra fún ara mi nígbà tí mo bá ń yin ayé àtijọ́. Ẹni tó ń ṣàárò ayé kẹ̀kẹ́, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣàárò. Àpò kòkó kan wúwo ju 60 kg lọ. Ẹni tó dì í mọ́ kárìà, tó tì í láti Ẹ̀rìnmọ̀ dé Ẹ̀fọ̀n nínú oòrùn ọ̀sán, kò kọ orin kankan nípa rẹ̀. Ó sì tún ku àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ rárá. Bí a bá wo fọ́tò ayé ìgbà yẹn, ọkọ ló máa ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, aago rẹ̀ á máa dán; ìyàwó á jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Lójú ọ̀nà, ìyàwó yẹn kan náà ń rìn, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, lórí òkè kan náà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń fi aago lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá mi àgbà wà lára àwọn tó rìn ín. N kò gbọ́ kí wọ́n ṣàárò ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ lọ́rì lọ sí ọjà Iléṣà, orúkọ dẹ́rẹ́bà náà kò kúrò lẹ́nu wọn títí tí wọ́n fi kú.

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí kẹ̀kẹ́ kúrò. Owó epo rọ̀bì dé láàárín 1970 sí 1980, àwọn tíṣà ra alùpùpù, àwọn olówó ra mọ́tò. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba dé ní 1986 pẹ̀lú ọ̀wọ́ngógó rẹ̀, wọ́n sì tú àjọ tó ń ra kòkó ká lọ́dún kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ fi alùpùpù ṣe takisí, orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ni wọ́n fi sọ ọ́, ó di ọ̀kadà. Ọ̀kadà ò bẹ̀rù òkè. Ó ń gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gàrí gun Ẹ̀fọ̀n, ó ń lọ sí oko tí ọ̀nà rẹ̀ ò fẹ̀ ju ọ̀nà tí àwọn jagunjagun là lọ. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, òun ni ọmọ bíbí inú kẹ̀kẹ́ ológeere: iṣẹ́ kan náà, ọ̀nà kan náà. Ohun tí kò jogún ni ìdúró. Ọlọ́kadà ń kọjá lára àgbẹ̀ tó ń kọ ebè, eruku ló fi ń kí i.

Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe di mẹkáníìkì ọ̀kadà. Ẹni tó ti ń na sípókù, tó ń fi etí gbọ́ bóyá ríìmù gún, wá ń fọ kábúrétọ̀ nísinsìnyí. Ṣé ẹ máa bínú sí i ni? Ó ní ilé láti bọ́.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti da ọ̀dà sí i, ọ̀dà náà ti hó, wọ́n ti tún un dà. Tírélà ń gbà á kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan tó láti sọ oníkẹ̀kẹ́ sínú gọ́tà. Igbó tí wọ́n ti ń mu omi nígbà kan ti di ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dúró sí. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì lójú ọ̀nà, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti tíṣà wọn gbé ní Èmùré lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ti dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ láti 2020, wọ́n sì ń gbìyànjú. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí láyé ìgbà tí tíṣà kan ń fi iná dáínámò kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan padà sílé láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó ń fi orin ìyìn ṣe ẹgbẹ́ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, ló lè mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Òkè ò tíì ga sí i láti ìgbà yẹn. Èyí ni mo ń ṣàárò, ju kẹ̀kẹ́ gan-an lọ: pé èèyàn lè lọ́ra lójú ọ̀nà, kó má sì bẹ̀rù.

Nǹkan mìíràn tó yí padà ni owó. Kòkó wọ́n ní 2024 débi pé tọ́ọ̀nù kan ju 10,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Láyé àtijọ́, irú owó bẹ́ẹ̀ ì bá kún gbogbo abúlé fún kẹ̀kẹ́ tuntun kí ọdún tó parí. Alùpùpù Bajaj ni àwọn ọmọ àgbẹ̀ fi tiwọn rà. Epo tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kò tó 200 náírà ní lítà kan kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, ó sì ju 1,000 náírà lọ kí 2024 tó parí. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ológeere á padà wá nítorí epo. Kò padà. Àwọn èèyàn dín ìrìn kù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́sẹ̀ lọ sí oko tó sún mọ́ wọn.

Ibòmíràn ló ti padà wá, láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ọ̀dọ́ oníṣẹ́ báǹkì, dókítà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n dé akoto, wọ́n ń ti ìlú ńlá wá lópin ọ̀sẹ̀ láti wá gun òkè wa. Kẹ̀kẹ́ wọn kì í ju 8 kg tàbí 9 kg lọ. Jíà tó kéré jù lórí rẹ̀ ń gbé e lọ ní nǹkan bíi mítà méjì fún yíyí ẹsẹ̀ kan, nítorí náà òkè tí Òṣómàáló tì, wọ́n ń jókòó gùn ún. Owó ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ náà lè ra Bajaj tuntun, kó sì ṣẹ́kù. Fún ìgbádùn ni wọ́n ń ṣe é, kí ọkàn wọn lè lágbára, kí ikùn wọn lè lọ sílẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali, ilẹ̀ Rwanda. Àwọn ọkùnrin gun ju 260 km lọ lórí àwọn òkè ibẹ̀, Tadej Pogačar ará Slovenia ló gbégbá orókè, àwọn èrò ìlú sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni ń wo ọdún egúngún. Òkè ni Rwanda fi pe ayé wá sílé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ wa Ese Ukpeseraye lọ sí Òlíńpíìkì Paris ní 2024, àwọn ará Jámánì ló yá a ní kẹ̀kẹ́ tó fi díje nínú pápá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ọ̀nà Ẹ̀sà-Òkè sí Ìmẹ̀sí-Ilé títí dé Òkèmẹ̀sí, bó ṣe ń lọ́ láàárín àwọn òkè tí ogun Kírìjì ti jà, kò ní sọ pé ohun tí a kò ní ni òkè.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ti kọ́ ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n máa ń gbéra bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, wọ́n á ti parí kí oòrùn tó mú. Wọn kì í dá lọ. Mọ́tò kan máa ń tẹ̀ lé wọn, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, omi àti túùbù wà nínú rẹ̀, nítorí ààbò sì ni pẹ̀lú. Wọ́n máa ń wo ohun èlò kékeré lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń sọ bí òkè ṣe ga tó àti bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Wọn ò mọ orúkọ òkè náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń lọ́ra, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà sì ń dáhùn.

Mo wà nínú mọ́tò tó ń tẹ̀ lé wọn láìpẹ́ yìí, nítorí orúnkún mi ò gbà fún mi mọ́. Lójú ọ̀nà Ẹ̀rìnmọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dìde dúró nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, tí òógùn ń kán lára wọn, tí wọ́n sì ń mí hẹlẹ. Àánú wọn ṣe é. Ó bi wọ́n bóyá ibi tí wọ́n ń lọ ṣì jìnnà. Èyí tó wà níwájú ní, "Adó ni, Mà."

"Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ìyá wí, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ má ṣèyọnu. Ọlọ́run á ra mọ́tò fún yín."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Dẹ́rẹ́bà wa náà ṣe àmín, ó sì rọra tẹ fèrè.